Kí ló dé tí owó kóòdù báńkì fi kúrò nínú àkáǹtì bọ́ sórí káàdì fóònù?

Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹfà ọdún 2025, báńkì UBA fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí àwọn oníbàárà rẹ̀ pé láti ọjọ́ kẹta oṣù náà, òun kò ní yọ owó kóòdù, ìyẹn náírà 6.98 tí wọ́n ń san bí wọ́n bá tẹ nọ́ńbà bíi *919# láti fi owó ránṣẹ́, nínú àkáǹtì wọn mọ́. Káàdì ìpè tó wà lórí fóònù wọn ni ilé-iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì yóò ti máa yọ ọ́. Àwọn báńkì mìíràn náà bẹ̀rẹ̀ sí í fi irú ìkéde bẹ́ẹ̀ síta, ariwo sì ta. Àwọn kan ní owó tuntun ni wọ́n tún bù lé wa lórí. Àwọn kan ní ìlọ́po méjì ni: báńkì yóò yọ tirẹ̀, nẹ́tíwọ́ọ̀kì yóò yọ tirẹ̀. Àwọn mìíràn gbọ́ ọ bíi pé wọ́n fẹ́ pa kóòdù rẹ́ pátápátá.

Kò sí èyí tó jẹ́ òótọ́ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ṣùgbọ́n ìfura àwọn èèyàn nídìí. Ẹ wo oṣù márùn-ún tó ṣáájú. Ní ogúnjọ́ oṣù kìíní 2025, àjọ NCC tó ń mójú tó iṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ fọwọ́ sí i kí àwọn ilé-iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì fi owó kún owó ìpè àti dátà títí dé ìdá àádọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹta, báńkì àpapọ̀, CBN, fòpin sí ìgbà mẹ́ta tí a fi ń gba owó lọ́fẹ̀ẹ́ lóṣooṣù lẹ́nu ATM báńkì tí kì í ṣe tiwa. Ó di 100 náírà lórí gbogbo 20,000 náírà. Ní ọjọ́ kìíní oṣù karùn-ún, owó aláàtì tí báńkì ń fi ránṣẹ́ sí fóònù kúrò ní náírà mẹ́rin, ó di mẹ́fà. Ẹni tí gbogbo èyí ti bá, tó tún wá gbọ́ pé wọ́n fẹ́ yọ owó lórí káàdì rẹ̀, kò lè ṣe kó má fura.

Báwo ni kóòdù yìí ṣe ń ṣiṣẹ́ gan-an?

Bí ẹ bá tẹ *894#, *919# tàbí *737#, fóònù yín kò wọ íntánẹ́ẹ̀tì rárá. Ọ̀nà tóóró kan ló ń gbà, ọ̀nà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì fi ń mọ ibi tí fóònù wà, tó sì fi ń ṣètò ìpè kí aago tó dún. USSD ni àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ń pè é. Gbàrà tí ẹ bá ti tẹ háàṣì tí ẹ sì fi ránṣẹ́, ọ̀nà náà á ṣí láàárín fóònù yín àti ẹ̀rọ báńkì, kò sì ní tì títí ẹ ó fi parí tàbí títí yóò fi já. Ìdí nìyí tí fóònù kékeré tí kò ní ju bọ́tìnnì àti iná tọ́ọ̀ṣì lọ fi lè fi owó ránṣẹ́ láti abúlé tí íntánẹ́ẹ̀tì kò dé. Ìdí nìyí náà tó fi jẹ́ pé bí ẹ bá pẹ́ jù lórí ìbéèrè kan, gbogbo rẹ̀ á pòórá lójú fóònù, ẹ ó sì tún bẹ̀rẹ̀ láti orí.

Ẹni méjì ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ kí owó yín tó dé ibi tó ń lọ. Báńkì ló ni àkáǹtì, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló ni ọ̀nà. Ó dà bíi ṣọ́ọ̀bù tó wà nínú ọgbà onílé: oníbàárà ṣọ́ọ̀bù lẹni tó ń wọlé, ṣùgbọ́n géètì onílé ló ń gbà kọjá. Bí onílé bá fẹ́ gba owó géètì, ṣé lọ́wọ́ oníṣọ́ọ̀bù ni tàbí lọ́wọ́ oníbàárà? Láti 2019 ni báńkì àti nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti ń fa ìbéèrè yìí mọ́ ara wọn lọ́wọ́.

Ṣé owó tuntun ni náírà 6.98 yìí?

Rárá o. Láti oṣù kẹta ọdún 2021 ni a ti ń san án. Àwọn báńkì ló ń yọ ọ́ nínú àkáǹtì, ó sì máa ń hàn nínú ìwé àkọsílẹ̀ àkáǹtì lẹ́yìn tí èèyàn bá ti lo kóòdù. Nítorí pé ó kéré, ọ̀pọ̀ èèyàn kò kíyè sí i.

Ohun tó yí padà jẹ́ méjì. Èkíní ni ibi tí owó náà ti ń jáde. Èkejì, tí ariwo kò jẹ́ kí ọ̀pọ̀ èèyàn gbọ́ dáadáa, ni bí wọ́n ṣe ń wọn owó náà. Lábẹ́ ètò 2021, iṣẹ́ kan ni 6.98: ẹ fi owó ránṣẹ́, ẹ san án lẹ́ẹ̀kan, bó ti wù kó pẹ́ tó. Lábẹ́ ètò tuntun, 120 ìṣẹ́jú-àáyá ni 6.98, ìyẹn ìṣẹ́jú méjì. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá yá lè wo iye tó wà nínú àkáǹtì, kó fi owó ránṣẹ́, kó sì jáde láàárín ìṣẹ́jú méjì. Ẹ̀ẹ̀kan ni yóò san. Ẹni tó bá ń wá gíláàsì ojú rẹ̀, tó ń ka nọ́ńbà àkáǹtì lọ́kọ̀ọ̀kan, tí ìṣẹ́jú méjì fi kọjá lórí rẹ̀, yóò san 13.96.

Owó tí báńkì fúnra rẹ̀ ń gbà lórí ìfowóránṣẹ́ ṣì wà lọ́tọ̀. Ìlànà CBN tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìíní 2020 fi í sí náírà mẹ́wàá fún 5,000 náírà sísàlẹ̀, 25 fún ohun tó lé ní 5,000 títí dé 50,000, àti 50 fún ohun tó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí náà, ẹni tó bá fi 3,000 náírà ránṣẹ́ sí báńkì mìíràn yóò rí yíyọ méjì: 6.98 lórí káàdì, mẹ́wàá nínú àkáǹtì. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ìlọ́po méjì tí àwọn èèyàn ń sọ ti wá. Iṣẹ́ méjì ni wọ́n sanwó fún, ti ọ̀nà àti ti ìfowóránṣẹ́, bẹ́ẹ̀ náà ló sì ti rí tẹ́lẹ̀ kí ti ọ̀nà tó kúrò nínú àkáǹtì.

Ta ló jẹ ta ní gbèsè?

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2019, MTN kọ̀wé sí àwọn oníbàárà rẹ̀ pé láti ọjọ́ kọkànlélógún oṣù náà, òun yóò máa yọ náírà mẹ́rin lórí káàdì wọn fún gbogbo ogún ìṣẹ́jú-àáyá tí wọ́n bá lò lórí kóòdù báńkì. Ilé-iṣẹ́ náà ní àwọn báńkì ló ní kí òun ṣe é bẹ́ẹ̀. Inú bí ará ìlú. Kí ọjọ́ náà tó pé, mínísítà ọ̀rọ̀ ìbánisọ̀rọ̀ nígbà náà, Isa Pantami, pàṣẹ pé kí wọ́n dá a dúró. Láàárín ọjọ́ náà kan náà, Godwin Emefiele tó jẹ́ gómìnà CBN nígbà náà sọ ní Washington pé òun kò fara mọ́ ọn. Lójú tirẹ̀, owó tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti ná sórí ẹ̀rọ kí kóòdù báńkì tó dé ni wọ́n ṣì ń lò, kò sì yẹ kí wọ́n tún fi gún àwọn èèyàn lára. Ó ní òun ti sọ fún àwọn báńkì kí wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí yóò gba owó tó kéré jù.

Ẹ kíyè sí i: ohun tí ìjọba dá dúró ní 2019 ló padà wọlé ní 2025.

Àṣẹ Pantami gba àwọn oníbàárà sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò dáhùn ìbéèrè ẹni tí yóò san owó ọ̀nà. Àwọn nẹ́tíwọ́ọ̀kì kọjú sí báńkì, wọ́n ń kọ ìwé owó ránṣẹ́, ìwé náà ń ga sí i. Nígbà tí oṣù kẹta 2021 fi máa dé, ẹgbẹ́ ALTON tó kó àwọn ilé-iṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ tó ní ìwé àṣẹ jọ sọ pé gbèsè náà ti di bílíọ̀nù 42 náírà, àti pé láti ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù náà, àwọn yóò já báńkì kúrò lórí kóòdù. Pantami tún dá sí i. Wọ́n jọ jókòó, ní ọjọ́ kẹrìndínlógún CBN àti NCC gbé àjọsọ kan jáde: náírà 6.98 lórí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, kí báńkì máa yọ ọ́ nínú àkáǹtì oníbàárà, kí ó sì fi lé nẹ́tíwọ́ọ̀kì lọ́wọ́.

Láti ọjọ́ náà, oníbàárà ń san. Síbẹ̀ gbèsè ń pọ̀ sí i. Nígbà tí 2024 ń parí lọ, ó ti lé ní bílíọ̀nù 250 náírà. Ohun tó yẹ kí gbogbo wa béèrè nìyẹn, nítorí 6.98 tó kúrò nínú àkáǹtì ìyá aláta kò jáwọ́ lọ́jọ́ kan. Àwọn nẹ́tíwọ́ọ̀kì ní báńkì gbà á, wọn kò jíṣẹ́.

Ní ogúnjọ́ oṣù kejìlá 2024, CBN àti NCC kọ lẹ́tà àjọkọ sí ìhà méjèèjì. Wọ́n pín gbèsè náà sí méjì, wọ́n fi oṣù kejì 2022, ìgbà tí ẹ̀rọ ìhà méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í bá ara wọn sọ̀rọ̀ ní tààràtà, ṣe ààlà. Lórí ti ìṣáájú, kí báńkì san ìdá ọgọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún, kí ọ̀rọ̀ sì tán. Kí wọ́n fẹnu kò lórí bí wọn yóò ṣe san án kó tó di ọjọ́ kejì oṣù kìíní 2025, kí wọ́n sì san án tán kó tó di ọjọ́ kejì oṣù keje. Lórí ti ẹ̀yìn rẹ̀, kí wọ́n san ìdá 85 nínú ọgọ́rùn-ún kí ọdún 2024 tó parí. Inú lẹ́tà yìí náà ni ilẹ̀kùn ti ṣí fún yíyọ owó náà lórí káàdì ẹni tó tẹ kóòdù: báńkì tó bá san gbèsè ló lè kọjá síbẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo wọn ló tẹ̀ lé e. Ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kìíní 2025, NCC lábẹ́ Aminu Maida ṣe ìkéde fún ará ìlú pé nínú ilé-iṣẹ́ owó 18, mẹ́sàn-án ni kò tíì mú àdéhùn ṣẹ, àti pé láti ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n, kóòdù wọn lè bọ́ lọ́wọ́ wọn. Ìkéde yìí ló mú kí àwọn èèyàn rò pé kóòdù fẹ́ kásẹ̀ nílẹ̀. Oṣù márùn-ún lẹ́yìn rẹ̀ ni àtẹ̀jíṣẹ́ UBA dé.

Kí ni ìhà kọ̀ọ̀kan ń sọ?

Àwọn nẹ́tíwọ́ọ̀kì ní ọ̀nà tí àwọn fi gbé kóòdù kì í ṣe ọ̀fẹ́: ẹ̀rọ wà níbẹ̀, òpó wà níbẹ̀, dísẹ́ẹ̀lì tó ń tan òpó náà wà níbẹ̀. Wọ́n ní kò sí òwò tí ẹnìkan ti lè máa ta ọjà láwìn fún ọdún mẹ́rin kí ó sì máa wo ẹni tó ra á bó ṣe ń gba owó lọ́wọ́ oníbàárà tirẹ̀. Ètò tuntun dára fún wọn nítorí pé ọwọ́ wọn ni owó ti kọ́kọ́ ń bọ́ sí, wọn kò ní sáré tẹ̀ lé ìwé owó mọ́.

Àwọn báńkì kò gbà pé iye tí wọ́n pè ní gbèsè náà tọ̀nà. Orí ìṣirò ni àríyànjiyàn wà. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń ka ìgbà tí ọ̀nà ṣí. Báńkì ń ka ìgbà tí iṣẹ́ parí. Ẹni tó tẹ kóòdù lẹ́ẹ̀mẹta kí owó tó lọ ṣí ọ̀nà lẹ́ẹ̀mẹta, ṣùgbọ́n owó kan ló fi ránṣẹ́. Ẹ fi èyí sórí mílíọ̀nù mílíọ̀nù èèyàn, ẹ ó rí i bí ìwé méjì ṣe lè jìnnà síra wọn láìjẹ́ pé ẹnìkan jókòó kọ irọ́. Ètò tuntun dára fún báńkì náà: kò sí gbèsè mọ́, oníbàárà kò sì ní máa bínú sí báńkì lórí 6.98 mọ́.

Ìhà kẹta ni àwa tí a ń tẹ kóòdù. Lójú tèmi, ohun tí ètò yìí ṣe ni pé ó mú ìjà kúrò láàárín alágbára méjì, ó sì gbé ohun tí wọn kò lè bá ara wọn yanjú, ìyẹn owó ọ̀nà tó ṣí tí iṣẹ́ kò parí, sí ẹsẹ̀ ẹni tó mú fóònù dání. Àwọn aláṣẹ fi ààbò kan síbẹ̀: kí fóònù kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ yín bóyá ẹ gbà kí wọ́n yọ owó, kí wọ́n má sì yọ ọ́ àfi bí ẹ̀rọ báńkì bá wà ní sẹpẹ́ láti dáhùn. Ẹni tí kò bá gbà lè kọ̀, kí ó sì wá ọ̀nà mìíràn. Ṣùgbọ́n kí ẹ̀rọ báńkì wà ní sẹpẹ́ nígbà tí ẹ wọlé kò ní kí nẹ́tíwọ́ọ̀kì má já kí ẹ tó parí.

Kí ló dé tí irú ìjà yìí kò sí ní Kẹ́ńyà?

Ní Kẹ́ńyà, Safaricom tó ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló dá M-Pesa, àpamọ́ owó orí fóònù, sílẹ̀ ní 2007. Ẹni kan náà ló ni ọ̀nà, òun náà ló ń tọ́jú àpamọ́ owó. Kò sí ẹni tí yóò kọ ìwé owó sí ara rẹ̀. Ní Benin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, àwọn èèyàn wa ní Kétu àti Àjàṣẹ́ mọ MoMo, irú àpamọ́ bẹ́ẹ̀ tí MTN ni, bí a ṣe mọ kóòdù báńkì níhìn-ín.

Nàìjíríà gba ọ̀nà mìíràn. Nígbà tí CBN ṣe ìlànà fífi fóònù sanwó ní 2009, ó mọ̀ọ́mọ̀ yọ àwọn nẹ́tíwọ́ọ̀kì sílẹ̀. Báńkì àti àwọn ilé-iṣẹ́ tí òun fún ní ìwé àṣẹ ló fi síwájú, kí ìdarí owó má bàa bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí kì í ṣe báńkì. Ó di 2018 kí ìlànà tó jáde tó jẹ́ kí nẹ́tíwọ́ọ̀kì lè dá ilé ìfowópamọ́ kékeré sílẹ̀, ó sì di oṣù kẹrin 2022 kí MoMo ti MTN àti SmartCash ti Airtel tó gba ìwé àṣẹ tó pé. Nígbà náà kóòdù báńkì ti di bárakú. Báyìí ni báńkì ṣe di ayálégbé lórí ọ̀nà ẹni tí ìlànà kò jẹ́ kó wọ ọjà owó fúnra rẹ̀.

Ta ni yóò mọ̀ ọ́n lára jù?

Kì í ṣe ẹni tó ní fóònù ńlá. Ẹni tó ń lo áàpù báńkì kò bá kóòdù ṣe, dátà ló ń ná. Ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí kàn ni ìyá tó ń ta ẹ̀fọ́ ní ọjà abúlé, ọlọ́kadà, àgbàlagbà tí owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ ń wọlé sí báńkì ìlú mìíràn, àti ẹnikẹ́ni tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì àdúgbò rẹ̀ kò lágbára tó láti ṣí áàpù. A rí i ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023, nígbà tí owó bébà di ohun àwátì látàrí pípààrọ̀ náírà, bí ọ̀pọ̀ ìdílé ṣe fi kóòdù ra oúnjẹ.

Iye tí irú àwọn èèyàn yìí ń fi ránṣẹ́ kò tóbi. Ìlànà CBN ti 2018 pàápàá kò gbà ju 100,000 náírà lọ lóòjọ́ lórí kóòdù, àfi fún ẹni tó bá fọwọ́ sí ìwé ní báńkì rẹ̀ pé òun fẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí owó ọ̀nà bá jẹ́ iye kan náà fún gbogbo èèyàn, owó kékeré ló ń jẹ jù. 6.98 lórí 50,000 náírà kò tó nǹkan. Lórí 500 náírà, ó ti lé ní ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún. Oníṣòwò tó bá ṣí kóòdù lẹ́ẹ̀márùn-ún lóòjọ́ yóò ná 34.90, láàárín ọgbọ̀n ọjọ́ ó di 1,047 náírà.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tó ju iye owó lọ. Tẹ́lẹ̀, ẹni tí káàdì rẹ̀ ti tán pátápátá ṣì lè dé ibi owó rẹ̀, nítorí inú owó náà ni wọ́n ti ń yọ owó ọ̀nà. Nísinsin yìí, kó tó ṣí ìlẹ̀kùn àkáǹtì rẹ̀, ó gbọ́dọ̀ ní 6.98 lórí fóònù. Ẹni tó sì ti yá káàdì lọ́wọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì, tó wá ra 100 náírà, gbèsè ni wọ́n kọ́kọ́ ń yọ nínú rẹ̀. Ìyókù, bí ìyókù bá wà, ni yóò fi wọ báńkì. Ní àárín òru tí ọmọ ń ṣàìsàn, tí ilé ìwòsàn ní kí wọ́n sanwó kí wọ́n tó fọwọ́ kan án, èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré.

Kí ni mo lè ṣe?

Kí ẹ tó tẹ kóòdù, ẹ fi *310# wo iye káàdì tó kù. Gbogbo nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló ń lo nọ́ńbà yìí kan náà. Ẹ má jẹ́ kó tán ráúráú. Ẹ kọ nọ́ńbà àkáǹtì tí ẹ fẹ́ fi owó ránṣẹ́ sí sínú ìwé kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kí ìṣẹ́jú méjì má bàa kọjá. Ọ̀pọ̀ báńkì ló gbà kí ẹ kó gbogbo rẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ní First Bank fún àpẹẹrẹ, *894*, iye owó, *, nọ́ńbà àkáǹtì, #, ó kù kí ẹ tẹ nọ́ńbà àṣírí. Ẹ bá àwọn òbí yín tó ń lo fóònù kékeré jókòó, kí ẹ jọ ṣe é títí yóò fi mọ́ wọn lọ́wọ́.

Bí wọ́n bá yọ ọ́ níhà méjèèjì ńkọ́?

Báńkì tó ti kọjá sínú ètò tuntun kò ní ẹ̀tọ́ láti tún yọ 6.98 nínú àkáǹtì. Bí ẹ bá rí i níbẹ̀, báńkì ni kí ẹ kọ́kọ́ kọ̀wé sí. Bí kò bá dáhùn, ẹ gbé e lọ sí ẹ̀ka tó ń dáàbò bo oníbàárà ní CBN. Bó bá jẹ́ lórí káàdì ni wọ́n ti yọ ọ́ láìbéèrè lọ́wọ́ yín, ẹ pe 300, nọ́ńbà tí gbogbo nẹ́tíwọ́ọ̀kì fi ń dá oníbàárà lóhùn, kí ẹ sì rí i dájú pé wọ́n fún yín ní nọ́ńbà ẹ̀sùn. Bí wọn kò bá yanjú rẹ̀, ẹ pe NCC lórí 622, lọ́fẹ̀ẹ́ ni. Wọn yóò béèrè nọ́ńbà ẹ̀sùn náà lọ́wọ́ yín, pẹ̀lú ọjọ́ àti aago tí ẹ tẹ kóòdù àti iye tí wọ́n yọ, nítorí náà ẹ má pa aláàtì náà rẹ́.